Bí Ọ̀gá Hardoyo Ṣe Fi Adènà Sẹ́nu Odò

Orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gùn ju odò tó bà á lórúkọ jẹ́ lọ. Ẹ mí kanlẹ̀ ná: Haji Dókítà Ẹnjinníà Hardoyo Kusumawardana, oníwèé ẹ̀rí mẹ́rin, agbàmì-ẹ̀yẹ mọ́kànlá, Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́ Omi àti Ìròyìn fún gbogbo ìlú Tirtawangi. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pe gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó kí i káàárọ̀. Akọ̀wé kan sín láàárín orúkọ yẹn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó padà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Èmi tí mo ti ń jẹ ìrẹsì ìlú yẹn láti ọdún mọ́kànlélógún, Pak Hardoyo, ìyẹn Bàbá Hardoyo lédè wọn, ni n ó máa pè é, nítorí mo ní iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ ṣe lónìí.

Pak Hardoyo kì í ṣe òǹrorò. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbi tó ti tọ́ sí i. Kò lu ẹnikẹ́ni rí, kò sì jalè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe é ni pé etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Bí o bá sọ fún un pé òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ rẹ̀, yóò wò ọ́ bíi pé ìwọ lo bẹ òjò lọ́wẹ̀. Nítorí náà, òfin kan wà nílé iṣẹ́ yẹn tí wọn kò kọ sínú ìwé kankan, tí gbogbo wọn sì mọ̀ sórí: kí inú Bàbá ṣáà ti dùn. Igbákejì rẹ̀, Pak Prawito, ló mọ òfin náà jù. Pak Prawito a máa rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà. Bí ọ̀gá bá wúkọ́ nínú ìpàdé, a ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọ̀gá Àgbà dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kò mọ òfin yìí í lò dáadáa ni Wening. Òun ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ pátápátá. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ Pak Hardoyo, ìfọwọ́sí ló kù. Ìyá rẹ̀, Mak Saminten, tí ń dín ìpápánu kerupuk, ń gbé ní Kampung Pinggir, níbi tí odò Kali Gandu ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Orúnkún ìyá náà méjèèjì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló wà ní àdúgbò yẹn, fèrè ìkìlọ̀ tí kọ̀ǹpútà Wening ń darí ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá fún omi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aláriwo kan kígbe omi lásán, tí ìyá náà fi orúnkún burúkú yẹn gun òkè. Láti ìgbà náà ló ti búra.

"Nduk," ó wí fún ọmọ rẹ̀, "mi ò sá fún ariwo ẹnu mọ́. Tí fèrè ẹ bá ké, mo dìde. Tí kò bá ké, mò ń dín kerupuk mi lọ ní tèmi."

Lọ́jọ́ tí Wening lọ ṣàlàyé ètò tuntun fún àwọn ọ̀gá, páálí ìpápánu wà níwájú oníkálukú, lemper kan, risol kan, àti omi inú ife ọ̀rá. Gbogbo wọn ń jẹ. Wening ní:

"Nínú ètò yìí, odò jẹ́ nǹkan kan tó ní gíga. Ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan gíga yẹn ní tààrà. Adènà méjì la fi ṣọ́ ọ. Àkọ́kọ́ ni Agbàwọlé. Tí ẹ̀rọ tó ń wọn omi lábẹ́ afárá bá ya wèrè, tó ní omi ti ga ju ilé mọ́ṣáláṣí lọ, Agbàwọlé á dá nọ́ńbà yẹn padà. Èkejì ni Adáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ gíga omi, òun ló máa bi."

"Dúró níbẹ̀ yẹn," ni Pak Hardoyo wí, ó sì gbé lemper sílẹ̀. Ọ̀gá tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́! Láti ìṣẹ́jú yẹn ló ti yẹ kí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. "O ní Agbàwọlé lè kọ nọ́ńbà?"

"Ó lè kọ ọ́, Pak, tí nọ́ńbà náà ò bá ṣeé gbàgbọ́."

"Adáhùn ńkọ́? Ṣé dandan ni kó sọ ohun tó wà nínú ilé gan-an?"

"Ó lè ṣírò díẹ̀ kó tó dáhùn, Pak. Bíi kó yí mítà padà sí sẹ̀ǹtímítà."

Pak Hardoyo dìde. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó nígbà tí ó bá dúró, gbogbo ilé dìde, tòun ti ọkùnrin kan tí risol kún ẹnu rẹ̀ tí kò lè gbé e mì tí kò sì lè tu ú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni ó bẹ̀rẹ̀. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá odò yìí fà á. Mo ti di àpò iyanrìn sí i lẹ́nu. Mo ti mọ ògiri tì í. Mo ti ṣe ìpàdé àpérò lé e lórí nígbà méjìdínlógún. Kò gbọ́! Kí ló dé tí kò gbọ́? Nítorí pé a kò kọ́ ọ nílé! Odò ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, láìkan ìlẹ̀kùn, láìbọ́ bàtà! Láti òní lọ, odò tó bá ní ohun tó fẹ́ wí yóò gba ọ̀dọ̀ adènà kọjá bí gbogbo ọmọlúàbí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí omi inú ife ọ̀rá fi ń mì. Pak Prawito fi áńkáṣífù nu ojú tí kò sí omijé níbẹ̀.

"Pak," ó ní, "ojú á ti odò gan-an."

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Gómìnà ń bọ̀ lóṣù Kejìlá láti wá fún ìlú kan ní àmì ẹ̀yẹ, Ìlú Tí Omi Kì Í Yalé. Pak Hardoyo ti ṣe àyè sára ògiri fún un, ó ti kan ìṣó sílẹ̀. Nítorí náà ó pàṣẹ níbẹ̀ pé bí omi bá ga ju ọgọ́jọ sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ètò máa kà á sí ọgọ́jọ, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí Adáhùn yọ ogún kúrò kó tó fọhùn, fún ìfọ̀kànbalẹ̀ ará ìlú.

"Ogún kéré, Pak," ni Pak Prawito wí. "Iyì yín ju ogún lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ ogójì."

Olórí ẹ̀ka kan ní kí wọ́n fi mẹ́wàá kún un nítorí àwọn aláboyún, kí àyà má baà já wọn. Ẹlòmíràn, tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun jókòó lásán, fi mẹ́wàá tirẹ̀ sí i nítorí àwọn àlejò. Kí ìpàdé tó tú, odò ti pàdánù ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, kò sì sẹ́ni tó fi ìka kan omi. Àwọn baba wa sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọ̀gá yóò kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí a fẹ́ bi léèrè sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Wening ṣì dúró síbẹ̀. "Pak, ẹ má bínú. Ọ̀dọ̀ Adáhùn yìí kan náà ni fèrè ìkìlọ̀ ti ń bèèrè. Tí omi bá dé igba ló yẹ kó ké. Tí Adáhùn ò bá lè sọ ju ọgọ́rùn-ún lọ, fèrè ò ní ké láéláé."

"O ò rí i bó ṣe dára tó?" ni Pak Hardoyo wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Fèrè tí kì í ké, àlàáfíà nìyẹn! Mbak Wening, orúkọ ẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Pak."

"Mo ní kálàmù lápò. Má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí nǹkan."

Wening lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì kọ gbogbo àṣẹ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ara rẹ̀ sì ń rí i lára, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló ronú kan ìyá rẹ̀ níwájú apẹ kerupuk, ó sì ṣe nǹkan kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ ètò. Ohun tí adènà ń ṣọ́ nínú yàrá sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú adènà, àfi pé wọn yóò fi ìlà kékeré kan lélẹ̀ níwájú orúkọ èyí tó wà nínú yàrá. Ìlà yẹn ń sọ fún ará ìta pé: jọ̀wọ́, má fọwọ́ kàn mí, lọ bá adènà. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ o. Ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ kọjá, ojú ló kàn máa tì í lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wening jẹ́ kí gbogbo irọ́ wà lẹ́nu Adáhùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí nọ́ńbà òótọ́ wọ inú yàrá lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí fèrè má bi Adáhùn ní nǹkan kan mọ́, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kó lọ fojú ara rẹ̀ wo ohun tó ní ìlà níwájú. Ìṣekúṣe ni lójú àwọn oníṣẹ́ rẹ̀. Ojú tì í fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó sùn dáadáa.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ títí di oṣù Kejìlá. Pátákó iná tó wà lójú títì ń sọ fún ìlú pé omi kò ju ọgọ́rin lọ, ọ̀gá ń fẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, fèrè sì ń wo òótọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Bí Pak Hardoyo bá lè fi mọ bẹ́ẹ̀, à bá má ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an, ní agogo mẹ́jọ, ó rán ènìyàn pé kí wọ́n tẹ ètò náà sórí ìwé, kí wọ́n fi sínú férémù aláwọ̀ wúrà, kí òun fi ta Gómìnà lọ́rẹ. Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí kò lè ka ìlà kan nínú rẹ̀. Ó fi awò sójú, ó tẹjú mọ́ férémù, iwájú orí rẹ̀ sì ká jọ.

"Kí ni ìlà wọ̀nyí?"

"Ìlà èwo, Pak?" ni Pak Prawito bèèrè, ó ti ń bínú sí ìlà náà kó tó rí i.

"Èyí tó sùn sílẹ̀ níwájú gíga níbí yìí. Òmíràn tún rèé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó nàró gangan! Ó dà bí ọ̀mùtí tó sùn sẹ́nu ọ̀nà mi. Kí Gómìnà wá rí èyí?"

"Àbùkù ni, Pak! Àbùkù gbáà ni!"

Wọ́n pe Wening. Ó wo férémù, ó wò wọ́n.

"Pak, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Tí ẹ bá yọ ìlà yẹn, orúkọ adènà àti orúkọ ohun tó ń ṣọ́ á di ọ̀kan. Tí wọ́n bá bi Adáhùn pé mélòó ni gíga omi, á yíjú sínú yàrá láti bi gíga, ara rẹ̀ ló máa bá níbẹ̀. Á bi ara rẹ̀. Ara rẹ̀ á tún bi ara rẹ̀. Kò ní dáhùn títí tó fi máa dákú. Fèrè náà ò ní—"

Ó gbé ẹnu dákẹ́, nítorí ó ti fẹ́ tú àṣírí ẹ̀yìnkùlé.

Pak Prawito bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Kọ̀ǹpútà tí ń bi ara rẹ̀ léèrè! Mbak Wening, ṣé ó ya wèrè ni, àbí o fẹ́ kó ya wèrè?"

"Ẹ yọ wọ́n," ni Pak Hardoyo wí.

Wening kò sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Pak Prawito fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè wá nǹkan kan níbi gbogbo kó sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí Pak Prawito mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun ló fi ń yọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́tàlélógójì lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ètò àtijọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n tì í, wọ́n sì fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í fún Gómìnà láti gé. Kọ́kọ́rọ́ wọ àpò Pak Hardoyo.

"Pak, ẹ jẹ́ ká tàn án ká dán an wò ná," ni Wening ń bẹ̀ wọ́n. "Ìṣẹ́jú kan péré."

"Dán kí ni wò? Ohun tí Gómìnà fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tàn, kí ìwọ ti tàn án ṣáájú? O ò mọ̀ pé àrífín nìyẹn?"

Òjò ti ń rọ̀ lápá òkè láti ìdájí. Wening bọ́ síta, ó fi fóònù pe ìyá rẹ̀.

"Mak, ẹ máa lọ sí iléèwé tó wà lókè báyìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé fèrè ti ké?"

"Kò tíì ké, ṣùgbọ́n, Mak—"

"Ó parí nìyẹn. Epo mi ti gbóná."

Agogo mẹ́wàá lù. Wọ́n ta kánópì funfun sí bèbè odò ní Kampung Pinggir, kí Gómìnà lè fojú rí bí odò ṣe gbọ́ràn tó. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì náà àti pátákó iná kan síbẹ̀, wọ́n wọ àwọn àga láṣọ. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n gbàdúrà, Pak Prawito sì ka orúkọ ọ̀gá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsín. Pak Hardoyo bọ́ sídìí máìkì pẹ̀lú ìwé ojú mọ́kànlá.

"Nígbà tí mo dé ìlú yìí," ó ní, "odò wà, ṣùgbọ́n kò ní olórí. Ó ń ga nígbà tó bá wù ú, ó ń fà nígbà tó bá wù ú, bí ọmọ aláìníbàbá. Èmi ni mo sọ fún un pé, Kali Gandu, jókòó! Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ó jókòó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn kánópì, fóònù Wening ń mì. Lik Tukiran ni, ọkùnrin tí ń ṣọ́ Afárá Lawas lápá òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo òpó tí wọ́n kun nọ́ńbà sí lára nínú omi, kó sì máa sọ ohun tó bá rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan.

"Wening! Ṣé ẹ̀ ń sùn níbẹ̀ yẹn ni? Omi ti wà ní òjìlénígba níbí, ó ṣì ń gun òpó bọ̀! Mi ò gbọ́ fèrè yín!"

"Òjìlénígba? Lik, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ojú mi ni mo fi ń wò ó! Ogún ìṣẹ́jú péré ló kù tó máa dé ọ̀dọ̀ yín. Tẹ fèrè yẹn, jàre!"

Wening sáré lọ bá Pak Prawito, ó sọ ọ́ fún un létí. Pak Prawito kò tilẹ̀ yíjú.

"Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá," ó ní. "Ó ti wà lójú ìwé kẹrin."

Ojú ìwé mọ́kànlá kò kúrò ní mọ́kànlá. Nígbà tó parí, Gómìnà gé rìbọ́ọ̀nù, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Pátákó iná tàn. Nǹkan roboto kan yọ lójú rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, ó ń yí, bí ajá tí ń lé ìrù ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo pátákó ṣókùnkùn birimù.

Gómìnà fi ọwọ́ tọ́ka sí odò, tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tíì oníwàrà.

"Pak Hardoyo, mélòó ni gíga omi báyìí?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Pak Hardoyo rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí Pak Prawito. "Pak Prawito, mélòó ni gíga omi?" Pak Prawito rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí olórí ẹ̀ka. "Mélòó ni gíga omi?" Olórí ẹ̀ka wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó kéré sí i níbẹ̀, ó bá tẹrí ba fún Pak Hardoyo. "Ọ̀gá wa ló mọ̀ ọ́n jù, Pak." Pak Hardoyo tún yíjú sí Pak Prawito. "Ó yá, mélòó ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìbéèrè náà yípo láàárín wọn lójú Gómìnà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bojú wo odò.

Ní ìyípo kẹta ni omi gun bèbè. Ó wá jẹ́ẹ́jẹ́, ó fi ẹnu kan aṣọ funfun ìsàlẹ̀ àga, ó sì wọ bàtà Gómìnà.

"Omi òjò lásán ni, Ẹ̀yin Ọlọ́lá," ni Pak Hardoyo wí, omi ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ de pátákó."

Wening ń wo ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn lọ́kàn ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ní ìlà kẹrin, àyè ìfọwọ́sí lófìfo. Ó ń wo òrùlé páànù ìyá rẹ̀ lẹ́yìn kánópì, èéfín ń jáde ní ilé ìdáná. Bí ó bá fọwọ́ kan máìkì yẹn lójú Gómìnà, ọdún mẹ́jọ ti lọ nìyẹn. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, kò sí ohun mìíràn tó máa ké ní àdúgbò yẹn lónìí. Ó sáré gba inú omi kọjá, ó já máìkì gbà lọ́wọ́ alága ètò.

"Ẹ̀yin ará Kampung Pinggir! Wening ọmọ Saminten ló ń sọ̀rọ̀! Fèrè ò ní ké! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, fèrè ò ní ké! Èmi ni mo kọ ọ́, wọ́n ti bà á jẹ́ láàárọ̀ yìí lójú mi! Omi ti lé ní igba l'Afárá Lawas! Ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé arúgbó, ẹ gun òkè! Mak! Mak, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn, ẹ dìde!"

"Ta ló fún un láṣẹ?" ni Pak Hardoyo ń pariwo. "Ẹ gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀! Mbak Wening, ìwé ẹ! Mo ní ìwé ẹ!"

"Ẹ tọ́jú ẹ̀, Pak!" ni Wening dáhùn, máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbọ́.

Nínú ilé ìdáná, Mak Saminten gbé ṣíbí dídín dúró lókè. Ó ti búra pé òun kò ní sá fún ariwo ẹnu mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ sáré wọlé, ó ní, "Mak, ṣé ẹ gbọ́? Ṣùgbọ́n fèrè ò ké o."

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí. "Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yẹn, kò pariwo mọ́ mi rí." Ó pa iná. "Ẹ wá gbé mi."

Wọ́n fi àga ọ̀rá gbé e jáde. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, omi dé ojú fèrèsé ilé ìdáná yẹn. Pẹ́pẹ́yẹ lọ, ọ̀kadà lọ, páálí ìpápánu Gómìnà lọ pẹ̀lú lemper inú wọn. Ènìyàn kankan kò bá a lọ, mo sì dúpẹ́, ọpẹ́ ńlá.

Àwọn panápaná fi ọkọ̀ onírọ́bà wá gbé Gómìnà. Pak Hardoyo dúró lórí àga, ó gbá férémù mọ́ àyà. Gómìnà yíjú sí i láti inú ọkọ̀, ó sì wí ketekete pé láti ìsinsìnyí lọ, Pak Hardoyo ti kúrò ní ipò Ọ̀gá Àgbà.

Pak Hardoyo yíjú sí igbákejì rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣe bẹbẹ, Pak," ni Pak Prawito dáhùn, nítorí ohun tí èèyàn ti ń ṣe fún ọdún méjìlá kì í fi èèyàn sílẹ̀ lójú kan. Lẹ́yìn náà ló gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Gómìnà mú, ó sì gùn ún.

Ní ọ̀sán, iléèwé orí òkè ti kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé Pak Hardoyo wá síbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé gbogbo ènìyàn. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ẹnìkan sì yá a ní ìró sarung obìnrin, olódòdó aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wening wà lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti gbà pé iṣẹ́ òun ti lọ. (Wọ́n padà gbà á síṣẹ́ pátápátá lóṣù kẹta, kí ọkàn yín balẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.)

Omi ṣì ń bọ̀. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n gun àjà kejì. Mak Saminten wo ọkùnrin tó wọ sarung olódòdó.

"Pak," ó ní, "ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ omi. Níbo ló dé báyìí?"

Pak Hardoyo yíjú sí ọ̀tún rẹ̀, níbi tí Pak Prawito ti máa ń wà. Ògiri ló wà níbẹ̀. Ó yíjú sí òsì. Ọmọ ọwọ́ kan ló wà níbẹ̀, ó ń mu ọmú.

"N kò mọ̀, Mak."

"Ẹ ò mọ̀." Ìyá náà fa igi oparun kan yọ lára àsíá àwọn ọmọ iléèwé, ó nà án sí i. "Ẹsẹ̀ tiyín ṣì dára. Ẹ lọ wò ó wá."

Ó gba igi náà. Ó ká sarung sókè, ó sì jáde sínú òjò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, omi ń kán ní imú rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò di ibì kan mú lára igi kó má baà ṣì í.

"Ó ti bo àtẹ̀gùn kejì," ó wí. "Ó ṣì ń ga."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn lọ sí àjà kejì, àwọn ọkùnrin méjì sì gbé àga Mak Saminten láti ẹ̀gbẹ́ kìíní kejì. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gun òkè, ó bojú wẹ̀yìn wò ó.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ padà lọ wò ó."